Kòkòrò Tí Ó Kọ Oúnjẹ

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ló sọ ọ́ ní Ìyá Kòkòrò, òun náà sì gbà á bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Orúkọ náà kò parọ́. Kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, irú èyí tí ń mú kí wàrà kan, ni ó ń sìn nínú ìgò.

"Àwọn kan ń sin ewúrẹ́, àwọn kan ń sin adìẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń wí. "Àbúrò tèmi ń sin ohun tí kò ṣeé pa jẹ, tí kò ṣeé tà, tí kò tilẹ̀ ṣeé fi han àlejò!"

Òṣùwọ̀n ni ó fi wọ́n ṣe. Láàárín àwọn fítámì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilé B, ọ̀kan wà tí à ń pè ní fólétì, tí ó máa ń wà nínú ewé tútù, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀. Láìsí i, kòkòrò yìí kò lè bí sí i. Bí a bá kán ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹẹrẹ, tí a fi kòkòrò sí i pẹ̀lú oúnjẹ tó pé àfi fólétì nìkan, fólétì inú ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò sọ bí kòkòrò yóò ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá pọ̀, omi inú ìgò á rú bí omi ọṣẹ. Bí kò bá sí, omi á mọ́ gaara.

Ẹ̀gbọ́n aláwàdà yìí gan-an ni ìdí iṣẹ́ náà. Nígbà tí Ìyá Kòkòrò ṣì wà ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ kan tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé. Ọmọ náà kò pẹ́ láyé. Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a máa ń mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n àìtó fólétì nínú ara ìyá wà lára rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fún mi nígbà tí mo wá forúkọ oyún sílẹ̀?" ni abiyamọ náà bèèrè.

Dókítà mi orí. Kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń padé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Nígbà tí ó wá forúkọ sílẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni àbúrò gbé rù tí kò sọ̀ ọ́. Bí oògùn aláboyún bá ń pẹ́ dé, a jẹ́ pé inú oúnjẹ tí tọmọdé tàgbà ń jẹ ló yẹ kí fólétì gbà wọlé. Ó rojọ́ ìyẹ̀fun fún àwọn aláṣẹ títí ohùn rẹ̀ fi há, kí ìgbìmọ̀ oúnjẹ tó gbà láti po fólétì mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì ní àdúgbò kan ṣoṣo, fún ọdún kan. Àdéhùn wọn ṣe kedere: bí fólétì bá pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ni yóò kàn, bí kò bá pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ parí, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé e wá mọ́.

Ọdún pé. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà, bí wọ́n ti gbà á kí ìyẹ̀fun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dá ìyẹ̀fun dúró. Ìyá Kòkòrò kán ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, ó fi kòkòrò sí i, ó gbé e sínú àpótí tó ń móoru. Nígbà tí ó ṣí i, omi inú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìgò náà mọ́ bí omi òjò.

"Ó burú ju ti ìgbà tí wọn ò tíì fẹnu kan ìyẹ̀fun lọ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá rẹ̀, wí. "Má bínú, àbúrò. Ìyẹ̀fun ò ṣiṣẹ́. Jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ọ̀gá, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A ti gbọ́ ẹjọ́ kòkòrò. A ò tíì gbọ́ ti àwọn obìnrin."

"Kòkòrò kì í purọ́."

"Lóòótọ́ ni, sà, kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ṣàìsàn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fún un láyè di ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ó mú ẹ̀jẹ̀ kan náà, ó bomi là á díẹ̀, ó tún bomi là á sí i. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí omi bá ti ń pọ̀, fólétì á máa dín kù, ebi á sì máa pa kòkòrò. Òdìkejì ni ojú rẹ̀ rí: bí omi ṣe ń pọ̀ sí i ni kòkòrò ń gbilẹ̀. A jẹ́ pé kì í ṣe ebi ló pa wọ́n. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà tó ń pa wọ́n, tí omi sì ń sọ agbára rẹ̀ di yẹpẹrẹ.

Ó lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò náà níbi tó ti ń to bándéèjì.

"Kí ni àwọn obìnrin yìí ń lò lásìkò tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn?"

"Oògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn nínú ara ni, mà. Páìpù omi ló bẹ́, ìgbẹ́ gbuuru bá gba ìgboro kan. Ilé sí ilé la pín in."

"Ẹ ò sì sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi wá, mà. Búrẹ́dì lẹ bi wá. Ẹ bi wá nípa búrẹ́dì débi pé ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pa wá!"

Ìyá Kòkòrò gan-an ló kọ ìbéèrè ọ̀hún.

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí nígbà tó gbọ́. "Ẹ̀jẹ̀ tuntun ò wúlò; wọn ò jẹ ìyẹ̀fun náà mọ́. Èyí tó sì wà nínú fìríìsà, oògùn ti wọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ ṣa oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀?"

"Mi ò ní ṣà á. Kòkòrò ni màá kọ́ kó lè fara dà á."

Ó kán oògùn náà, bíńtín, sínú oúnjẹ wọn. Ọ̀pọ̀ kú, ó bọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù, ó sì fi díẹ̀ kún oògùn náà. Nígbà tí wọ́n gbójú tán, wọ́n tún di ọ̀lẹ: wọn kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ bí ó ti yẹ, wọn kò sì ṣeé fi wọn nǹkan kan. Ó dà wọ́n nù, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ wá bá a lẹ́nu iṣẹ́.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ wọn tán ni."

"Ta ló bi ọ́ léèrè wọn? Ìwọ ni mò ń bá wí! Mo ní ṣé ẹnu tìẹ ti kan nǹkan!"

Ọ̀wọ́ kejì ló yè kooro. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ tí ó ti mọ fólétì inú rẹ̀ dán wọn wò. Wọn kò ṣì í. Ìgbà náà ló tó yọ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà nínú fìríìsà. Nígbà tí ó ṣí àpótí, omi ti rú nínú ìgò lẹ́sẹẹsẹ. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Alága ìgbìmọ̀, bàbá arúgbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun, kò gbà bọ̀rọ̀. "Ẹ kọ́kọ́ ní omi mọ́, ẹ tún ní omi rú. Èwo ni ká dì mú?"

"Ẹ má di èmi mú, sà. Ẹ kó ẹ̀jẹ̀ náà lọ fún àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, tí wọn ò lo kòkòrò rárá. Ẹ má sọ ohun tí mo rí fún wọn."

Wọ́n sún ìpàdé síwájú, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ rí bá ti kòkòrò mu.

"Àwọn ọmọ ti bọ́ nínú ewu, ó dáa," ni alága wí nígbà tí wọ́n tún jókòó, bírò lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwa arúgbó ńkọ́? Wọ́n ní fólétì lè bo àìsàn mọ́ wa lára."

"Òótọ́ ni, sà. Fítámì B méjìlá, tó jẹ́ ọmọ ìyá fólétì, kì í dúró púpọ̀ lára àgbà. Bí fólétì bá pọ̀ jù, ó lè tún ẹ̀jẹ̀ tí àìtó B méjìlá ti bàjẹ́ ṣe, kí dókítà rò pé ara ti dá, nígbà tí ẹsẹ̀ ń kú lọ lábẹ́ ṣòkòtò. Ohun tí a fi sínú ìyẹ̀fun kéré. Mi ò rò pé yóò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n 'mi ò rò' yàtọ̀ sí 'mo mọ̀'."

"Ta ni yóò wá mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni, bí ẹ bá lè na apá yín. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún mi kí n tó gún yín."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá náà. Alága wo abẹ́rẹ́ tí ó wà nínú àpò Ìyá Kòkòrò, ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ṣàwàdà. Ó fọwọ́ sí ìwé ìyẹ̀fun, ó tì í síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.