Ìyá Ọkọ Mi Lẹ́nu Géètì

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi wá láti Ìjẹ̀bú bá wa tọ́jú ọmọ nínú ẹ̀sìtéètì wa ní Ajah. Láràárọ̀, wọ́n á pọn ọmọ dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á máa kí àwọn tó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́: "Ẹ á lọ re, ẹ á bọ̀ re o!" Ọ̀pọ̀ kì í dáhùn. Ojú a máa tì mí.

"Mọ́mì, wọn kì í kí ara wọn níbí."

"Èmi ni mo fẹ́ kí wọn, ìyàwó mi. Bí wọn ò dáhùn, àdúrà ṣáà ń tẹ̀ lé wọn."

Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́ ní Oníru, ara ọmọ gbóná gan-an. Kí n tó délé, ọkùnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ti gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ọsibítù. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ó ní, "Ìyá yín ń ṣàdúrà fún mi láràárọ̀. Ṣé kí n wá máa wò wọ́n níran ni?"

Ara ọmọ yá, ìyá sì ti padà sí Ìjẹ̀bú. Èmi náà ti ń kí àwọn aládùúgbò báyìí. Mo dúpẹ́ pé ìyá ọkọ mi wá tọ́ ọmọ mi, wọ́n sì tọ́ èmi náà.