Òjìji Tó Wà Lẹ́yìn Mi Nínú Fídíò Fọláṣadé

Fọláṣadé! Fọláṣadé ọmọ mi! Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ó dìgbà. Ìgbà wo?

N kò kàwé. Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ, tó kọrin inú fídíò tí o ṣe gbẹ̀yìn, ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí i.

Wọ́n ní bàbá kì í sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní bàbá kì í fojú kan sàréè ọmọ. Ti sàréè, mo gbà. Ilé ni n ó jókòó sí. Ti ọ̀rọ̀, n kò gbà. Ta ló fẹ́ bá mi sọ ọ́? O ṣì ń mu ọmú nígbà tí ìyá rẹ kú. Èmi ni mo pọ̀n ọ́, tí mo sì ń fa ọmọlanke ní Ìkọ̀tún. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi a máa pariwo pé, "Ìyá Ṣadé, ẹ kú ọjà o!" Èmi a ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ìyàwó ilé."

Nígbà tí o dàgbà, kámẹ́rà lo gbé. Ẹ kò ní iná ńlá, o wá ní kí n di páànù mú, kí oòrùn ta láti ara rẹ̀ sí ojú Bùkọ́lá. Mo ní, "Ṣadé, apá ń ro mí jàre." O ní, "Bàbá, ẹ fara dà á, ojú rẹ̀ ti ń tàn bí idẹ." Òótọ́ ni. O fi ẹ̀fín ààtàn Ìgándò ṣe aṣọ ìkélé sẹ́yìn rẹ̀. O mú kí gbogbo àwọ̀ yòókù ṣá, àfi ìró pupa ìyá rẹ tí Bùkọ́lá ró. Ojú ẹni tó ń wò ó kò ríbi lọ. O gbé kámẹ́rà wálẹ̀ gan-an, kí àwọn tó ń ṣa ike lórí ààtàn lè ga ju ilé lọ. Ẹni tó bá pè é ní ìdọ̀tí, ojú rẹ̀ ló dọ̀tí.

Ìparí rẹ̀ ló dìjà. O jókòó sínú ọmọlanke mi, o kọjú kámẹ́rà sí ẹ̀yìn mi, o ní kí n máa fà á lọ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ, òjìji rẹ bá bọ́ sí mi lẹ́yìn, orí rẹ wà ní èjìká mi. Bùkọ́lá ní àṣìṣe ni, kí ẹ tún un yà. O ní, "Fi sílẹ̀ jàre. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí." O kò gé e títí orin fi parí.

Ní báyìí tí àìsàn ti mú ọ lọ, a fẹ́ fi fídíò náà hàn níbi ìsìn orin rẹ. Bàbá rẹ kékeré wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òjìji òkú ló wà lẹ́yìn yín yìí o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, kó má baà fà yín lọ."

Mo ní, "Èmi ni mo ń fà á. Ṣé o kò rí ọmọlanke ni?"

Wọn kò ní gé e. Bùkọ́lá, kọ ọ́ kó hàn: wọn kò ní gé e. A ó ta aṣọ funfun sára ògiri ojúde wa, iwájú pátápátá ni n ó sì jókòó sí. Kí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà bojú.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọ lọ sí sàréè, n kò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé n kò gbé ọ dé ibi tí agbára mi mọ. Má sọ̀ kalẹ̀ o, Ṣadé. Ẹ̀yìn mi ṣì gbà ọ́. Ibẹ̀ náà ni kí o ti sùn re o.

Èmi, bàbá rẹ.