Oyin Ìyàwó

Òórùn oyin tí wọ́n ṣí níbi ìgbéyàwó ọmọ mi lánàá gbé mi padà sí yàrá kan ní Sùúrùlérè nígbà tí mo wà lọ́mọdé, níbi tí léèsì ti ń yún mi lọ́rùn. Wọ́n ń fi oyin ṣàdúrà ìgbéyàwó fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní pálọ̀. Ìyá àgbà ní kí Àǹtí, àbúrò màmá mi, mójú tó mi, ìyá àgbà sì ti àwa méjèèjì mọ́lé, ó yí kọ́kọ́rọ́ láti ìta. Mo gbá ilẹ̀kùn títí. Mo rò pé torí ìyọnu mi ni. Àǹtí kàn ń ṣe "Àmín" sí àdúrà tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ọwọ́ rẹ̀ lórí mi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nílé wa, ẹni tí kò bímọ kì í fọwọ́ kan ìyàwó.

Lánàá, mo ní kí oyin yí gbogbo àlejò ká. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ṣàdúrà."

Ó wo ilẹ̀kùn ná kó tó dìde.