Ọjọ́ Tí Mo Gba Fírídọ̀mù Ní Karmo

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi to fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan l'Ábújá. N kò ní purọ́ mọ́ iṣẹ́ náà, kò pa mí lára. Àga ìjẹun kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì júwe káfíńtà kan fún mi ní àdúgbò Karmo, mo sì gbé àga náà lọ ní Sátidé. Dípò kí n gbé e sílẹ̀ kí n máa lọ, mo jókòó, mò ń wo ọkùnrin náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Ní Sátidé kejì mo tún lọ, láìgbé àga kankan dání.

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, èmi abilékọ tí mo fi ọdún mẹ́fà ju ọ̀gá mi lọ. Mo gbá ìyẹ̀fun pákó, mo fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara mi. Ní ọ́fíìsì, mo ní ilẹ̀kùn mọ́tò ló há mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn, irú ìdùnnú tí mo ti gbàgbé pé ó wà. Ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà, mo kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

Gbogbo ayé ló mọ̀, àfi bàbá mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ó ń gbé ní ìlú wa nítòsí Kàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán níbi tó ti ń sáré kiri kí n tó rí iṣẹ́ ìjọba náà. Tó bá pè mí, á ní, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Mo máa ń fèsì pé iṣẹ́ ń lọ. Mi ò kúkú purọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ṣẹ́ parí, ọ̀gá mi ní kí n lọ pe òbí mi wá síbi fírídọ̀mù mi.

"Àǹtí, ní ṣọ́ọ̀bù yìí, òbí ló ń gbé ayùn lé ọmọ lọ́wọ́, á wá ṣàdúrà sí i."

Mo ní mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ.

"Kai! Bàbá yín wà láyé, ẹ ní ẹ ti dàgbà? No o. Ẹ pè wọ́n."

Mo pè é, mo jẹ́wọ́. Ó kàn ní, "Ọjọ́ wo ni?" Ó sì pa fóònù. Ẹ̀rù bà mí. Mo lè ṣe iṣẹ́ náà láìgba àṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, inú mi ò ní dùn sí i délẹ̀.

Ó dé lọ́jọ́ náà, kò bi mí ní ohunkóhun. Ó fọwọ́ mi tábìlì tí mo ṣe, tábìlì ò yẹ̀. Ó gba ayùn lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó dúró, ó di ojú.

"Ọlọ́run, gbé ọmọ mi ga. Kó gba ìgbéga léraléra. Kó di dáírẹ́kítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀."

Àṣà ẹnu rẹ̀ ni. Bí gbogbo àwọn bàbá tí ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábújá ṣe ń gbàdúrà nìyẹn. A ṣe àmín. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá la ojú, ìtìjú sì bá mi nítorí tirẹ̀.

"Àdúrà tèmi nìyẹn," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbà á." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ kí n bá ọ bẹ̀?"

Mo ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n máa ṣe iṣẹ́ yìí títí màá fi darúgbó."

Kí ọ̀gá mi tó la ẹnu, Bàbá ti ṣe àmín.