Orúnkún Onítáìsì

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìlà-ò-wọ́ fi lẹ táìsì. Ohun tó bí orúkọ yẹn ni pé bí o bá na okùn sórí ilẹ̀ tó bá lẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, ìlà kan kò ní yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó máa ń so fóòmù mọ́ orúnkún, ṣùgbọ́n fóòmù a yọ̀ lọ sísàlẹ̀, òun kì í sì í ráyè fà á sókè.

Nígbà tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ àgbàdo gbígbẹ mọ́lẹ̀. Láàárọ̀, kì í ṣeé ká àfi tó bá kọ́kọ́ rìn yí ilé ká.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ fi ẹsẹ̀ yìí han dókítà."

"Làkúrègbé lásán ni."

Ó fi ìpara pa á, ó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ti òsì náà bẹ̀rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé ìwòsàn kan ló wá gbé iṣẹ́ fún òun àti Gbọọrọ, onítáìsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka àwọn tó ń tọ́jú eegun ni wọ́n ní kí wọ́n lẹ̀. Gbogbo ìgbà ni àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Gbọọrọ fi ojú tẹ̀lé arúgbó kan, ó ní, "Ìwọ àti bàbá yìí, ta ló mọ̀ ọ́n rìn jù?" Ìlà-ò-wọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lẹ ẹyọ mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹrin, Gbọọrọ lọ ra sìmẹ́ńtì. Ìlà-ò-wọ́ lẹ táìsì tó kẹ́yìn nínú páálí, ó fẹ́ dìde lọ ṣí òmíràn. Orúnkún kò gbà. Ó di ògiri mú, ó tún gbìyànjú, ó tún padà sórí ìkúnlẹ̀. Ojú tì í láti ké pe èèyàn. Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu táìsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló nù fún bí wákàtí kan. Àwọn tó ń kọjá ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," òun náà ń dá wọn lóhùn. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á, kò bà á. Ńṣe ló ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹrù tí ẹni tó ni ín kò tíì wá gbé.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n á ṣe tún máa rìn. Ìgbà kẹta tó máa kọjá, ó dúró.

"Bàbá, kí n tó lọ jẹun lẹ ti wà lórí táìsì yìí."

"Àbàwọ́n ló wà lára ẹ̀."

"Àbàwọ́n wo? Ẹ ò lè dìde ni, àbí?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀ tì í, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀. "Ẹ gbé ti òsì síwájú ná. Ẹ má kánjú."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé àwòrán náà sójú ìmọ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé pé níbi tí eegun méjì ti pàdé, kerekere ló bo orí kálukú wọn, ó ń dán, ó ń yọ̀, omi díẹ̀ sì wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Ìkúnlẹ̀ ọlọ́pọ̀ ọdún ti jẹ kerekere tirẹ̀ tán.

"Ẹ wò ó, kò sí àyè mọ́. Eegun ló ń lọ eegun."

"Ṣé ó máa hù padà?"

"Rárá o, bàbá. Kì í ṣe irun."

Ó ní oríṣiríṣi ni làkúrègbé. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara tó ń lé àìsàn fúnra wọn ló ń bá oríkèé jà, tí ìka ọwọ́ méjèèjì á wú. Tirẹ̀ kì í ṣe irú ìyẹn. Oògùn yóò dín ìrora kù. Eré ìmárale yóò fún iṣan itan lágbára, kó lè bá orúnkún gbé ẹrù. Bó bá le jù, wọ́n lè fi ti irin pààrọ̀ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ó dáa," ni Ìlà-ò-wọ́ wí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò máa rọ̀.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Òun jẹun, ó fọ ọwọ́, ó nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń retí kí ìbànújẹ́ dé. Kò dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń na ẹsẹ̀ sókè bí obìnrin ilé ìwòsàn ṣe kọ́ ọ: ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí àwọn ọmọ bá pè é lórí fóònù, á ní, "Ara ń lọ."

Gbọọrọ wá, kò tiẹ̀ jókòó. "Mo ti parí ilẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn. Balùwẹ̀ wọn ló kù, ògiri ni. Ògiri ò fẹ́ ìkúnlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ ògiri ńkọ́?"

"Èmi ni màá ṣe ìsàlẹ̀. Ṣé torí ìsàlẹ̀ la fẹ́ túká? Ìlà tèmi máa ń wọ́, ìwọ náà ṣáà mọ̀."

"Wọ́n ti ra táìsì?"

"Wọ́n ti rà á."

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ. Ó dúró, ó ń lẹ̀ láti ìbàdí sókè. Gbọọrọ wà lórí ìkúnlẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń ráhùn pé sìmẹ́ńtì ń kán sí òun lórí. Orúnkún ń dún, ṣùgbọ́n ó ń gbé e.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ṣé inú yín dùn pé ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́?"

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo lẹ ogójì."

Lọ́jọ́ kejì, ó lẹ mẹ́rìnlélógójì.