Ọlọ Tó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Wọlé

Odindi ọdún kan la fi bẹ ìyá mi kó tó gbà láti kúrò ní Òmù-Àràn wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì létí kànga, ìkejì sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó máa gbà, ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí ọlọ ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí odó, amù méjì àti àpò iṣu tẹ̀ lé e, kí ibùsùn tó kan ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń kó wọ ilé tuntun ní ìdílé wọn nìyẹn.

Awakọ̀ tí mo bẹ̀ lọ́wẹ̀ gbé píkọ́ọ̀pù wá, ó so tirela kékeré onítáyà méjì mọ́ ọn nídìí. Ohun tó bá máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ la gbọ́dọ̀ kó kẹ́yìn, nítorí náà ìparí ẹ̀yìn tirela ni ọlọ máa wà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wúwo. Awakọ̀ mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, iwájú táyà tirela ni ẹrù tó wúwo ń gbé, kó lè tẹ píkọ́ọ̀pù nídìí díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Tó bá pọ̀ jù, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, kò ní gbọ́ tèmi mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tirela ló wúwo, á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún."

Ó ní ká gbé ọlọ síwájú. Tá a bá dé, ká kó ẹrù yòókù sílẹ̀ níta ná, ká wá gbé ọlọ wọlé.

Ìyá mi wò ó. "Ṣé ibùsùn ìyá tìẹ lo máa ń pàtẹ sí gbangba?"

"Màmá, ẹ má bínú."

Awakọ̀ wojú mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí ìyá mi má lọ yí ọkàn padà. Mo ní, "Tò ó bí wọ́n ṣe wí."

Ká tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tirela bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kò tẹ bíréèkì, síbẹ̀ tirela já kúrò nídìí ọkọ̀, ó dojú dé sínú kòtò. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọlọ là sí méjì.

Obìnrin kan tó ń wú ẹ̀gẹ́ nítòsí sáré wá. Akọ̀ròyìn ni mí, iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára, mo bi í léèrè ohun tó rí.

"Mo rí i tó ń ju ìdí bí ọmọge tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ta ló to ẹrù yín?"

Mo ní èmi ni.

Ìyá mi ti jókòó sórí odó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ọlọ tó là. Mo ní ká gbé ìlàjì tó tóbi lọ.

"Ohun tó yẹ kó ṣáájú mi wọlé ti kú sọ́nà," ló wí. "Ẹ dá mi padà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ó kọ̀ jálẹ̀.

A fa tirela jáde nínú kòtò, a tún so ó mọ́ ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, awakọ̀ ló to ẹrù bó ṣe fẹ́, ó kó ìlàjì ọlọ méjèèjì síwájú táyà. Tirela tẹ̀ lé wa jẹ́ẹ́ títí a fi padà dé Òmù-Àràn.

Ìyá mi ṣì wà níbẹ̀, òun nìkan, ó ń lọ ata lórí ìlàjì tó tóbi. Tí mo bá pe fóònù rẹ̀ tí kò gbé e, kànga ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ.