Kolby Ti Wọ Kóòtù

Wọ́n ní Kolby ju àga lu fèrèsé. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe àga, tábìlì ni, àti pé obìnrin mẹ́ta ló dì í mú kó tó rọlẹ̀. Ní Gannet Cove, létí òkun Newfoundland, ọ̀rọ̀ kì í ti ẹnu kan bọ́ sí èkejì kó má sanra sí i, nítorí náà ìdajì la gbà gbọ́. Ìdajì tó kù kò ṣe é gbé mì, torí ọmọ yìí kan náà ló máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí yóò máa ka àwọn gíláàsì aláràbarà ojú fèrèsé, tí kò ní mira títí àlùfáà yóò fi wàásù tán. Àwa àgbàlagbà tí à ń tòògbé níbẹ̀ kò rọra tó o.

Roxanne Pardy, ìyá rẹ̀, kò gba ìdajì ní tirẹ̀. Odidi ló gbà. Kí ni ìbá ṣe? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ kan tí ilé ẹ̀kọ́ kì í pè é ní ilé iṣẹ́ tó ti ń bó alákàn fún títà, pé kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Yóò bọ́ ìbọ̀wọ́, yóò bẹ ọ̀gá, yóò sáré lọ. Bó bá sì dé ọ̀hún, á tún bẹ àwọn yẹn. "Ẹ má bínú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Jáàmù èso igbó ló máa ń gbé lọ fún wọn, bí ẹni ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Kolby jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ariwo máa ń gún un létí bí ẹ̀gún, ó sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan tẹ̀ léra bó ṣe tẹ̀ léra lánàá. Ojú Roxanne rí tó kí ìjọba tó gbà láti fún Kolby ní olùrànlọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ó wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní St. John's, olú ìlú, títí ó fi sú u. Nígbẹ̀yìn wọ́n fún ọmọ náà ní Tracey, obìnrin oníwà tútù kan tí yóò máa jókòó tì í láti àárọ̀ títí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Roxanne dúpẹ́ níwájú ìjọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí Kolby fara balẹ̀ débi tí yóò fi lo odindi ọjọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó di Ọjọ́rú kan. Atẹ́gùn le, ọkọ̀ ojú omi kankan kò jáde, kò sì sí alákàn tí wọn yóò ṣe. Roxanne wà nílé, ló bá rí i pé Kolby ti gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sórí tábìlì. Ó gbé e, ó di ilé ẹ̀kọ́. Àlejò ló ń kan ilẹ̀kùn ní ìlú wa. Bí ẹnìkan bá kan tirẹ, ọlọ́pàá ni, tàbí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan. Ilé ẹ̀kọ́ ní aago lẹ́nu ọ̀nà iwájú tí òbí gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó sì dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Roxanne mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Ilé ìdáná ló gbà kọjá, ó kí àwọn tó ń fọ abọ́, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kolby ló rí. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá akọ̀wé. Ó ti wọ kóòtù, ó ti dé fìlà, bàtà yìnyín wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń jẹ àjàrà gbígbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́.

Fóònù Roxanne gbọ̀n lápò. Ó gbé e sétí láìsọ̀rọ̀.

"Roxanne, ọ̀wọ́n, Pearl nìyí." Pearl ni akọ̀wé, ìbátan ọkọ Roxanne, àwọn méjèèjì sì jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Roxanne ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀. "Àfi kó o máa bọ̀ o. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń ju ìwé, ó ń pariwo, apá Tracey ò ká a mọ́. Kódà bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí…"

Oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ Roxanne. Ó wo ọmọ, ó wo ẹ̀yìn Pearl, ó tún wo ọmọ, bí ẹni tí wọ́n ní ilé rẹ̀ ń jó, tó dúró sínú ilé náà tí kò rí èéfín.

"Pearl," ló wí, "wẹ̀yìn."

Pearl wẹ̀yìn. Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀.

Roxanne bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. "Kolby, ta ló bí ọ nínú?"

"Kò sẹ́ni."

"Kí ló dé tó o wọ kóòtù?"

"Ìpápánu, lẹ́yìn náà kóòtù, lẹ́yìn náà bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn náà Mísì Pearl á pe Mọ́mì." Ó ju àjàrà kan sẹ́nu. "Ẹ tètè dé jù lónìí."

"Mísì Tracey ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kékeré. Ibẹ̀ ló máa ń lọ."

Ìgbà yẹn ni Mísìs Budgell, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó kọ́ Roxanne alára ní ìwé kíkà, jáde sí wọn.

"Roxanne, ọmọ mi, wọlé ká jókòó. Omi tíì ti ń hó."

"Ẹ ṣé, mà. Mi ò fẹ́ tíì. Ta ni wọ́n fún ní Tracey?"

"Kolby ni. A kàn ń pín in lò ni. Àwọn ọmọ kékeré ti pọ̀ jù, olùkọ́ wọn ò sì tíì gbówọ́. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ara Kolby máa ń balẹ̀ sí ilé."

"Ṣé ó fọ́ fèrèsé rí?"

Mísìs Budgell wolẹ̀. "Ó ju ìwé lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

"Ìwé!" Ohùn Roxanne ò jọ tirẹ̀ mọ́. "Gbogbo ìlú ń pe ọmọ mi ní ẹhànnà. Èmi ìyá rẹ̀ gbé e lọ síwájú pẹpẹ, mo ní kí Olúwa lé ìbínú jáde lára ọmọ tí ò bínú! Ẹ̀yin sì jókòó, ẹ ń jẹ jáàmù mi."

"Jáàmù yẹn dùn ṣá," Pearl wí, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ jáde.

Roxanne bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì kóòtù ọmọ rẹ̀.

"Rárá," ni Kolby wí, ó di kóòtù mú. "Bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn náà ilé."

"Lónìí, bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn náà kíláàsì, lẹ́yìn náà oúnjẹ ọ̀sán."

Kolby rò ó. Ó rò ó pẹ́. "Pẹ̀lú Mísì Tracey?"

"Pẹ̀lú Mísì Tracey. Mísìs Budgell ń lọ pè é."

Ó jọ̀wọ́ kóòtù. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà kíláàsì rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn.

"O ò lè kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Mísìs Budgell wí. "Ta ló máa dúró ti àwọn ọmọ kékeré? Roxanne! Ká jọ sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i, tí a pè ọ́, tí o ò sì…"

Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ. Roxanne ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì jáde sínú atẹ́gùn, òun nìkan.